Ẹsẹ̀ Ló Ń Mú Bọ́ọ̀lù

Agbọ̀n ni wọ́n ń pè mí nílé ìwé girama ní Ìbàdàn. Èmi ni aṣọ́lé kíláàsì wa, ẹ sì mọ bí agbọ̀n ṣe ń ṣe sí omi. Bọ́ọ̀lù á máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ wá kí mi, á gba àárín ẹsẹ̀ mi wọlé, àwọn ọ̀rẹ́ mi á sì káwọ́ lérí. Mo fi odidi tẹ́ẹ̀mù kan bínú sí ọwọ́ ara mi. Mo tilẹ̀ fi òróró àdúrà pa á lẹ́ẹ̀kan. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ọwọ́ kọ́ ló ń ṣe mí.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, mo jókòó sórí àga onírin létí pápá kan ní ìpínlẹ̀ Maryland, mo ń wo ọmọkùnrin mi, tí ìyá rẹ̀ ń fi oríkì pè ní Àkànní. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà náà. Béèsìbọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá. Ọmọ kan fi igi gbá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù ń yí bọ̀ lórí koríko, kò tilẹ̀ yára. Àkànní dúró dè é, ó bẹ̀rẹ̀, ó na ìbọ̀wọ́ sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá lọ sẹ́yìn. Ara mi bù máṣọ. Mo mọ bọ́ọ̀lù yẹn. Èmi àti ẹ̀ ti pàdé rí.

Nígbà tí wọ́n parí, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wá bá mi. Ó ní ọmọ mi mọ igi í fi gbá bọ́ọ̀lù, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ le bí òkúta, kí n má bínú, òun máa gbé e lọ sí apá ọ̀tún pápá lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá ti ń tẹ̀lé eré àwọn ọmọdé mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn tí ọkàn wọn ò balẹ̀ lé lórí sí. Bọ́ọ̀lù kì í sábà débẹ̀. Ọmọ á kàn máa wo labalábá. Mo bi í pé ṣé kò ṣe é kọ́ ni. Ó gbé èjìká sókè. Ó ní àwọn kan ní in lára, àwọn kan ò ní in.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mo gbà á gbọ́. Mo wa mọ́tò dé ilé, mo ń rò ó pé ẹ̀jẹ̀ Agbọ̀n ló wà lára ọmọ yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ béèsìbọ́ọ̀lù, ẹ má tíì lọ. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì láti ẹgbẹ́ kejì á fi igi gbá a, á sì sáré lọ sí béèsì, ìyẹn àwọn àmì tó wà nílẹ̀ tó gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kàn tẹ̀ léra wọn. Àwọn mẹ́sàn-án ló wà ní pápá tí wọ́n ń ṣọ́ bọ́ọ̀lù tó gbá. Bí wọ́n bá hán an lójú òfurufú, ẹni tó gbá a ti kú nìyẹn. Bó bá balẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e, kí wọ́n jù ú dé béèsì kó tó débẹ̀. Bọ́ọ̀lù ọ̀hún kéré, ó le, awọ ni wọ́n fi bò ó, òwú pupa ni wọ́n fi rán an. Bí àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ bá gbá a dáadáa, ó lè kúrò lójú igi ní máìlì 100 láàárín wákàtí kan, ẹni tó sì dúró sítòsí béèsì kẹta kò ní tó ìṣẹ́jú àáyá kan láti fi pinnu ohun tó máa ṣe. Bọ́ọ̀lù tó yẹ kó mú, tó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, akọ̀wé á kọ ọ́ sílẹ̀ ní àṣìṣe. Wọ́n á sì gbé iye àṣìṣe náà sójú pátákó gàgàrà níbi tí gbogbo ayé ti ń wo ayò, lábẹ́ lẹ́tà E. Èmi ò mọ eré ìdárayá mìíràn tó burú tó bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n kọ iye ìgbà tí o ṣubú sára ògiri fún àlejò!

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ti burú rí tó wá dára. Mi ò fẹ́ ìtàn ẹni tí wọ́n bí ẹ̀bùn mọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣí mi lójú ni Marcus Semien. Ní 2015, sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ pẹ̀lú Oakland Athletics, ipò shortstop ni wọ́n fi í sí, ìyẹn àlàfo àárín béèsì kejì sí ìkẹta, níbi tí bọ́ọ̀lù ti ń rọ́ wá bí òjò. Àṣìṣe 35 ló ṣe lọ́dún náà. Nínú gbogbo ìdíje àgbà Amẹ́ríkà, kò sẹ́ni tó tó o. Agbègbè ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì bí i sí, tó jẹ́ pé ojú àwọn èèyàn rẹ̀ ló ti ń já bọ́ọ̀lù sílẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, ẹgbẹ́ náà pe Ron Washington padà. Washington ti bá wọn ṣiṣẹ́ rí kó tó lọ di olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá Texas Rangers, tó sì gbé wọn dé ìdíje àṣekágbá World Series ní 2010 àti 2011. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni. Kó tó di pé àwọn ènìyàn wọ pápá lójoojúmọ́, òun àti Semien ti wà níbẹ̀. Ẹ wo bó ṣe ń kọ́ni: á ní kí ọkùnrin tó ń gba owó gọbọi kúnlẹ̀ sórí koríko, á fún un ní ìbọ̀wọ́ kékeré kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, tí kò ní kòtò tí bọ́ọ̀lù lè sá wọ̀. Òun náà á súnmọ́ ọn, á mú igi kúkúrú, á máa gbá bọ́ọ̀lù kó bà lẹ́ẹ̀kan níwájú rẹ̀. Tún un ṣe. Tún un ṣe. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àṣìṣe Semien wá sí 21. Ní 2021, pẹ̀lú ẹgbẹ́ Toronto, ó gba àmì-ẹ̀yẹ Gold Glove tí wọ́n ń fún ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù mú jù ní ipò rẹ̀. Ní 2023 ó gba World Series pẹ̀lú Texas.

Kí n má parọ́ fún yín: béèsì kejì ló ti gba Gold Glove yẹn, kì í ṣe shortstop. Láti ibẹ̀, ọ̀nà kì í sábà jìn tó bẹ́ẹ̀ sí béèsì kìíní, ọwọ́ tó ń ju bọ́ọ̀lù kò sì nílò agbára púpọ̀. Ara ìwòsàn rẹ̀ ni pé wọ́n gbé e síbi tí ara rẹ̀ gbà. Síbẹ̀, láti orí àṣìṣe 35 dé orí Gold Glove, ẹ̀bùn nìkan ò lè gbé ènìyàn gba ọ̀nà yẹn. Eric Chavez, tó gba Gold Glove mẹ́fà tẹ̀ léra wọn láti 2001 sí 2006, gbé ọ̀kan nínú tirẹ̀ fún Washington yìí kan náà. Ẹni tó gbé ife ẹ̀yẹ rẹ̀ fún olùkọ́, ó mọ ẹni tó wẹ òun mọ́.

Mo ra bọ́ọ̀lù méjìlá. Mo ra igi. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, èmi àti Àkànní lọ sí pápá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wa, mo ń gbá bọ́ọ̀lù sí i, ó ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, mo ń pariwo: "Ọwọ́ rẹ dà? Lo ọwọ́ rẹ!" Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí nǹkan kan tó yí padà àfi ohùn mi tó há.

Ibẹ̀ ni àgbàlagbà kan ti rí wa. Ojúlé kẹrin sí tiwa ló ń gbé, a kì í ṣe ju pé ká juwọ́ síra wa lọ. Ọmọ Cuba ni, láti Matanzas, ìlú tí wọ́n ti ń gbá béèsìbọ́ọ̀lù ní pápá Palmar de Junco láti 1874. Ìgbà tó nawọ́ kí mi ni mo rí ìdè lọ́rùn ọwọ́ òsì rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ewé àti ìyeyè, bí wọ́n ṣe ń so ti Ọ̀rúnmìlà ní Cuba. Mo bi í. Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kan àyà, ó ní, "Moyuba." Mo júbà ni o! Ohùn ti ṣí kúrò lórí ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ ọ̀rọ̀ wa ni. Láti ọjọ́ yẹn la ti ń pè é ní Bàbá Matanzas nílé wa.

Bàbá náà dúró wò wá fún bíi bọ́ọ̀lù mẹ́wàá. Kò wo ọwọ́ ọmọ náà rárá. Ó bọ́ síwájú, ó gba ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì. Ó ní kí Àkànní dúró, òun máa fọwọ́ yí bọ́ọ̀lù sí i, kó má fọwọ́ kàn án. Kó kàn jẹ́ kí bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá.

Àkànní wò mí. Èmi náà wo bàbá. Ṣebí ohun tá a wá wò sàn nìyẹn!

Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ kọjá ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Ìkejì lu kókósẹ̀ ọ̀tún. Ìkẹta kọjá lọ́hùn-ún pátápátá. Ìgbà yẹn ló yé mi. Ọmọ tí bọ́ọ̀lù ń gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá lọ́jọ́ ìdíje, bí a bá ní kó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó kọjá níbẹ̀, kò lè ṣe é. Kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ òun wà sí bọ́ọ̀lù. Ó ń dúró de bọ́ọ̀lù bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò ní ibùdókọ̀, nígbà tó yẹ kó lọ pàdé rẹ̀. Ó wá ń na ọwọ́ kó lè fi ọwọ́ tún ohun tí ẹsẹ̀ ti bàjẹ́ ṣe, ọwọ́ ọ̀hún á sì le, torí ẹni tó ń nà gbọnrangandan kò lè rọ ọwọ́.

Ọjọ́ márùn-ún ni bàbá fi ní kó máa jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kọjá. Ìyàwó mi yọjú lójú fèrèsé lọ́jọ́ kẹta, ó ní, "Dádì, kí lẹ tún ń ṣe yìí? Ẹ ní ẹ fẹ́ kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń mú bọ́ọ̀lù, ẹ wá ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kó lọ." Mi ò rí èsì fọ̀.

Nígbà tí ẹsẹ̀ ti mọ ọ̀nà, ó ní kó kúnlẹ̀, láìsí ìbọ̀wọ́, ó mú bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì. Ó sọ fún wa pé nígbà tóun wà lọ́mọdé, eré kan wà tí wọ́n ń pè ní cuatro esquinas, igun mẹ́rin, tí wọ́n ń ṣe láàárín títì. Kò sí igi, kò sí ìbọ̀wọ́, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù, ọwọ́ lásán náà ni wọ́n fi ń mú un. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá le, bọ́ọ̀lù á ta padà bí ẹni lu ògiri, ó sì máa dùn ún. Ọwọ́ á kọ́ fúnra rẹ̀ láti máa gba bọ́ọ̀lù bí ẹni gba ẹyin tí wọ́n jù sí i. Mo rántí ẹni tí wọ́n ń pè ní oṣó nídìí shortstop, Ozzie Smith, tó gba Gold Glove mẹ́tàlá tẹ̀ léra láti 1980 sí 1992. Nígbà tó wà lọ́mọdé, àtẹ̀gùn kọnkéré iwájú ilé wọn ló ń ju bọ́ọ̀lù mọ́, tó ń súnmọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ kí bọ́ọ̀lù lè máa yára padà sí i. Wọ́n ń pe ohun tó ṣe ní idán. Ẹni tó bá wà ládùúgbò wọn nígbà náà, ariwo lásán ló máa gbọ́.

Nǹkan kan ṣì kù tí bàbá pàápàá kò rí. Fóònù ni mo fi rí i. Mo dùbúlẹ̀ sórí koríko bí ẹni tó dákú, mo ya fídíò ojú Àkànní, mo wá jẹ́ kó máa falẹ̀. Bọ́ọ̀lù ń bọ̀, ojú là sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù bà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, ìpéǹpéjú méjèèjì pàdé, àgbọ̀n rẹ̀ yí sí èjìká ọ̀tún. Kó tó lajú padà, bọ́ọ̀lù ti kọjá. Afọ́jú ni ọmọ mi ní ibi tó ti yẹ kó ríran jù. Mo tún un wò tó ìgbà méje, inú mi sì bà jẹ́, torí mo mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí bọ́ọ̀lù kan ta sókè láti ara òkúta wẹ́wẹ́, tó la ètè rẹ̀. Èmi ni mo sọ fún un nínú mọ́tò pé ọkùnrin kì í sunkún.

A padà sí bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì, tí kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Oṣù kan gbáko. Lẹ́yìn náà, bọ́ọ̀lù rírọ̀ kan tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọdé. Ìgbà tó di pé kó máa ka nọ́ńbà tí mo fi bírò kọ sára bọ́ọ̀lù kó tó mú un, ìpéǹpéjú rẹ̀ ti gbàgbé láti pa dé. Bó bá ka nọ́ńbà tán, bọ́ọ̀lù ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ò mọ bó ṣe dé ibẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá bi mí bóyá ẹni tí kò mọ bọ́ọ̀lù mú lè kọ́ ọ, èmi náà máa ń kọ́kọ́ bi í pé: kí ló ń ṣe é gan-an? Ẹsẹ̀ ni àbí ojú, àbí ẹ̀rù? Torí àwọn ènìyàn máa ń da gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á pè é ní ọwọ́, wọ́n á wá máa gbá igba bọ́ọ̀lù sí ọmọ tí ojú rẹ̀ ń pa dé. Igba ìgbà ló máa fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń dijú. Mo tiẹ̀ mú bírò lọ́jọ́ kan tí ẹgbẹ́ wọn ń ṣe ìgbáradì, mo kà á: wákàtí kan ààbọ̀, bọ́ọ̀lù 11 ló kan Àkànní. Èyí tó kù, ó tò sórí ìlà, ó ń fi bàtà gbẹ́ ilẹ̀. Ní gáráàjì wa, 60 ń kàn án ní ìdajì wákàtí, kí oúnjẹ tó délẹ̀.

Àmọ́ ibì kan wà tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ń dé tí kì í kọjá. Ẹ wo Derek Jeter, tó wá di shortstop New York Yankees. Ní 1993, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, nígbà tó ṣì wà ní ìdíje kékeré ní Greensboro, àṣìṣe 56 ló ṣe ní sáà kan. Àwọn kan ti ń sọ pé kí wọ́n gbé e kúrò ní shortstop. Nígbà tí sáà parí, akọ́nimọ̀ọ́gbá kan, Brian Butterfield, mú un sọ́dọ̀ ní Florida, wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣe iṣẹ́ mímú bọ́ọ̀lù. Àṣìṣe dín kù. Ọkùnrin yìí di ọ̀gá, ó gba Gold Glove márùn-ún, ó sì wọ Hall of Fame, níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn akọni eré náà sí. Ìtàn tó dùn ún sọ fún ọmọ kó tó sùn.

Ìdajì kejì ìtàn náà ni pé àwọn tó ń ṣírò bọ́ọ̀lù tí kò dé ìdí rẹ̀ rárá kò gbà pé ó dára tó bẹ́ẹ̀ ní pápá. Àṣìṣe ni akọ̀wé ń kọ, kì í kọ bọ́ọ̀lù tó kọjá ní ìwọ̀n apá kan sí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo. Ẹni tí kò dé ibẹ̀ kò ṣẹ̀. Ẹni tó sáré débẹ̀ tó wá já a sílẹ̀, òun ni wọ́n máa kọ orúkọ rẹ̀. Láti 2015 ni ẹ̀rọ kámẹ́rà ti wà ní gbogbo pápá ìdíje àgbà, tó ń wọn bí ènìyàn ṣe tètè gbéra, ọ̀nà tó gbà, àti bó ṣe ń sáré tó, a sì ti wá mọ̀ báyìí pé ẹni tí àṣìṣe rẹ̀ kéré lè máa pa ẹgbẹ́ rẹ̀ lára ju ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ lọ. Ní tèmi o, ọwọ́ Jeter ló yí padà lẹ́yìn Florida. Ẹsẹ̀ rẹ̀ sí apá òsì kò yí padà tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ará New York tó bá ka ibí yìí, ẹ fi orí jì mí.

Àkànní náà kò lè sáré. Bó ti rí nìyẹn. Ìran ìyá rẹ̀ ga, ìran tèmi wúwo. Ohun tó wá gbà wá ni àwọn ará ẹgbẹ́ Baltimore Orioles. Cal Ripken Jr. ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 4, kò yára, gbogbo ènìyàn ló sì ń sọ pé ẹni tó ga tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe shortstop. Ní 1990, àṣìṣe 3 péré ló ṣe ní odidi sáà. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé ó mọ irú bọ́ọ̀lù tí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ rẹ̀ máa jù sí onígi, ó mọ ẹni tó di igi mú, ó sì ti sún ìṣísẹ̀ méjì kí wọ́n tó gbá a. Brooks Robinson tó ṣáájú rẹ̀ ní ẹgbẹ́ kan náà, tó gba Gold Glove 16, òun náà kò lè sáré rárá, ṣùgbọ́n ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ kì í ṣìnà. Ẹni tó bá tètè jí, kò dìgbà tó bá sáré. Mo wá ní kí Àkànní máa fò díẹ̀, bí ẹni tí iná jó ní àtẹ́lẹsẹ̀, gẹ́rẹ́ tí bọ́ọ̀lù bá fẹ́ dé ọ̀dọ̀ onígi, kí ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀ ní ìmúrasílẹ̀. Nǹkan kékeré ni. Òun ni mo rò pé ó ṣe é láǹfààní jù lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ojú.

Ti bọ́ọ̀lù òkè rọrùn ju bí mo ṣe rò lọ. Onímọ̀ físíìsì kan, Seville Chapman, kọ ọ́ ní 1968 pé ẹni tó ń hán bọ́ọ̀lù kò nílò láti mọ ibi tó máa bọ́ sí. Bí bọ́ọ̀lù bá ń gun òkè lójú rẹ ní ìwọ̀n kan náà, o ti wà lójú ọ̀nà. Bó bá ń yára gun òkè sí i, ó máa kọjá lórí rẹ, sá sẹ́yìn. Bó bá ń falẹ̀, sáré síwájú. Kí o kàn má dúró sójú kan. Kí o má sì fi gìgísẹ̀ sáré, torí ojú á máa mì, bọ́ọ̀lù á wá dà bíi pé ó ń jó.

Àrùn kan wà tí mò ń bẹ̀rù ju ẹsẹ̀ wíwúwo lọ. Yips ni wọ́n ń pè é. Chuck Knoblauch gba Gold Glove ní 1997. Nígbà tó dé New York, ọjọ́ kan ṣàdédé dé tí kò lè ju bọ́ọ̀lù sí béèsì kìíní mọ́, ibi tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè jù dé. Ní 2000, ọ̀kan nínú èyí tó jù lọ bá ìyá àgbà kan lójú láàárín èrò ìwòran. Wọ́n gbé e lọ sí ìhà òsì pápá lọ́hùn-ún ní 2001. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò wo ó sàn. Ó ti mọ̀ ọ́n ṣe jù ni, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú sí ohun tí ara rẹ̀ ti ń ṣe láìbéèrè. Steve Sax ti Los Angeles ṣe àìsàn yìí ní 1983, àṣìṣe 30, àmọ́ tirẹ̀ lọ. Mi ò mọ ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun báyìí ló lé e lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi dẹ́kun ariwo létí pápá. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń ké "ọwọ́ rẹ dà?" á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọwọ́ rẹ̀ lóòótọ́, bọ́ọ̀lù ò sì ní dúró dè é.

Ó ti pé ọmọ ọdún méjìlá báyìí. Wọ́n ti gbé e kúrò lọ́dọ̀ àwọn labalábá, béèsì kejì ló ń ṣọ́. Ó ṣì ń já bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Lóṣù tó kọjá ó já méjì sílẹ̀ nínú ìdíje kan, kò sì jẹun alẹ́. Shortstop ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, òun náà mọ̀, ó sì ti sunkún rẹ̀ tán. Mi ò sọ fún un pé ọkùnrin kì í sunkún.

Ní Sátidé tó kọjá, a wà ní pápá, Bàbá Matanzas jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ pẹ̀lú kọfí. Àkànní gba igi lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Dádì, ó kàn yín." Mo wọ ìbọ̀wọ́. Mo bẹ̀rẹ̀, orúnkún mi ké. Ó gbá a jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, ó ń yí bọ̀, mo dúró dè é, mo na ọwọ́, ó gba àárín ẹsẹ̀ mi kọjá lọ sídìí igi lọ́hùn-ún. Bàbá rẹ́rìn-ín títí kọfí fi dà sí i lára.

Àkànní kò rẹ́rìn-ín. Ó fi igi sílẹ̀, ó rìn wá, ó rọra bọ́ ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ mi, ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án, Dádì. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó kọjá ná."